Káàdì àwòrán tó ti dàgbà: ẹ wo ìgbóná rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tú u

Kí ẹnikẹ́ni tó mú screwdriver, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí àìsàn wà. Ẹ ṣí HWiNFO tàbí GPU-Z, ètò tó ń fi ìgbóná káàdì hàn, ẹ gbé géèmù tó wúwo lé káàdì náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wo iye méjì: ìgbóná GPU (ṣíìpù káàdì náà) àti hotspot, ìyẹn ibi tó gbóná jù lára ṣíìpù. Bí hotspot bá fi dígírì 10 sí 15 ju èkejì lọ, kò séwu. Bó bá ti kọjá 25, ó ṣeé ṣe kí thermal paste (ohun rírọ̀ tó ń gbé ooru kọjá) ti gbẹ tàbí kó ti sá kúrò láàárín ṣíìpù àti irin tó ń fa ooru. Bí ṣíìpù bá gbóná ó ń wú, bó bá tutù ó ń súnkì, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń ti paste náà sí ẹ̀gbẹ́.

Káàdì àtijọ́ kan kì í fi hotspot hàn. Fún irú ìyẹn, ẹ ṣọ́ bó ṣe ń gun òkè: bó bá fò dé 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tó sì já wálẹ̀ bí ẹ ṣe pa géèmù, irin ò fara kan ṣíìpù dáadáa.

Bí iye méjèèjì bá jọ ga, ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún dán an wò. Bó bá fi dígírì 7 tàbí 8 wálẹ̀, afẹ́fẹ́ inú àpótí ni kò tó.

* * *

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti páàdì kún un, ìyẹn ohun rírọ̀ pẹlẹbẹ tó ń gbé ooru láti mẹ́mọ́rì lọ sára irin, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù.

Ẹ lo káàdì náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí paste rọ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ káàdì. Lẹ́yìn tí ẹ bá tú síkúrúù tán, ẹ rọra yí irin náà sọ́tùn-ún sósì. Ẹ má fà á tagbára-tagbára, torí wáyà fáànù kúrú, ó sì lè já mọ́ bọ́ọ̀dù lára. Isopropyl alcohol tó tó 90% sókè ni kí ẹ fi nu paste àtijọ́ kúrò lára ṣíìpù àti irin, kó sì gbẹ pátápátá.

Páàdì máa ń wà ní 0.5, 1, 1.5 àti 2 mm. Ẹ wọn ti àtijọ́ níbi tí irin ò ti tẹ̀ ẹ́, torí káàdì orúkọ kan náà lè yàtọ̀ láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn. Bó bá fi 0.5 mm péré nípọn jù, yóò gbé irin sókè kúrò lórí ṣíìpù, káàdì á wá gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bó bá tín-ín-rín jù, ó tún burú ju ìyẹn: ìgbóná GPU á dára lójú, mẹ́mọ́rì á sì máa jóná lábẹ́lẹ̀.

Ẹ tẹ́ paste bo gbogbo ojú ṣíìpù, torí kò ní ìdérí irin bíi ti CPU. Ẹ máa di síkúrúù padà ní ìdábùú, láti igun kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, kí ẹ máa yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlàjì ìlàjì.

* * *

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àyàfi ti paste. Èyí tó ṣàn jù kì í pẹ́ lórí ṣíìpù tó wà ní ìhòòhò. PTM7950 ti Honeywell, abala fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lò dípò paste, ni mo fẹ́ràn jù: ó ń yọ́ ní nǹkan bíi dígírì 45, ó ń dí gbogbo àlàfo, kì í sì í tètè sá. Ẹ fi sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó ṣí ọ̀rá rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ya.

* * *

Ní ti fáànù: ẹ fi ìka di abẹ rẹ̀ mú bí ẹ bá ń fẹ́ eruku, kó má baà yí kọjá agbára rẹ̀. Bó bá ń ké, ẹ̀kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ kan lè ràn án lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti máa wá òmíràn. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀ ni kí ẹ fi wá a.

* * *

Ohun tó rọrùn jù ni ẹ ò tíì dárúkọ: ẹ dín iná tó ń jẹ kù. Nínú MSI Afterburner, ètò tí wọ́n fi ń ṣètò káàdì, ẹ fa power limit (òpin iná tó lè jẹ) sí 80%. Lórí Linux, nvidia-smi -pl pẹ̀lú iye wáàtì ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ káàdì NVIDIA, àmọ́ ẹ ó tún un ṣe bí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn. Eré géèmù kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Bí ẹ bá lè sọ fóltì kalẹ̀ láti 1.05 sí 0.9 láì jẹ́ kí géèmù kú, èrè rẹ̀ tún pọ̀, torí iná tó ń jẹ ń bá fóltì lọ ní ìlọ́po ara rẹ̀: ó lé ní ìdá mẹ́rin kan tó máa kúrò.

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé káàdì sínú oven. Bó bá tiẹ̀ jí, kì í pẹ́ tó fi ń kú padà, èéfín rẹ̀ sì léwu nínú ohun tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Bí àmì aláwọ̀ mèremère bá ń yọ lójú kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé, ó sábà máa ń jẹ́ pé mẹ́mọ́rì tàbí òjé abẹ́ rẹ̀ ti ń lọ. Bó bá jẹ́ inú géèmù nìkan ló ti ń yọ, ẹ dín eré mẹ́mọ́rì kù ní 200 MHz. Bí àmì náà bá lọ, ẹ padà sídìí páàdì.