Ìgbápálé àti iná lórí Gold Wing: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Alùpùpù Honda Gold Wing, GL1800, ni mò ń gùn. Tá a bá ti rin wákàtí méjì, ìyàwó mi á máa gbá mi léjìká pé apá ń ro òun. Mo fẹ́ ra ìgbápálé (ohun tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn ń gbé apá lé) fún un. Ṣé èyí tó ṣeé yí sẹ́yìn ló dáa, kó lè ráyè gùn ún? Ṣé kò ní dí ìdérí àpótí ẹ̀gbẹ́?

Mo tún fẹ́ to iná wẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ àpótí ẹ̀yìn (fáàrí lásán ni, mo mọ̀). Ẹnì kan ní kí n gé wáyà iná ẹ̀yìn, kí n so ó mọ́ ọn. Ọkàn mi ò gbà. Tí mo bá fà á tààrà láti bátìrì, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀ ńkọ́?