Bàbá tó fẹ́ràn igbó ju àga ilé lọ: ẹ wá sọ ti bàbá tiyín

ỌmọỌdẹ:
Bàbá mi ti pé ọdún kan lábẹ́ ilẹ̀. Ọmọ Ṣẹ́pẹ̀tẹ́rí ni wọ́n, iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n fi tọ́ wa, àmọ́ inú igbó ni ojú wọn ti máa ń là. Láàárọ̀ Sátidé, kí ìrì tó gbẹ, àwa ọmọ á ti tò sẹ́yìn wọn. Wọ́n á wo ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n á ní ẹtu ló kọjá níbí, kì í ṣe ìgalà. Nígbà tí ìjọba sọ igbó yẹn di Old Oyo National Park ní 1991, wọ́n gbé ìbọn kọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò yéé rìn létí ààlà, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sì sọ wọ́n di ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì:
Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Bàbá tèmi ò kọjá ẹ̀yìnkùlé o 😂

Àlàbí_Tottenham:
Bàbá mi fẹ̀yìn tì, wọ́n wá bá wa ní London. Òtútù sé wọn mọ́lé, wọ́n jókòó ti fèrèsé, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òyìnbó kan ládùúgbò wa, àgbàlagbà bíi tiwọn, ló mú wọn lọ sí odò Lea lọ pẹja. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, àwọ̀n ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ìwọ̀. Wọ́n tiẹ̀ bínú pé èèyàn ń gba láísẹ́ǹsì kó tó fi ìwọ̀ sómi. Nígbà tó yá, ẹja ńlá kan gbé e. Bàbá ti ń wá báàgì tí wọ́n máa kó o sí. Òyìnbó wọn ẹja, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó dá a padà sódò! Bàbá ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Wọ́n ní, “Àlàbí, ṣé àlejò ni ẹja lọ́dọ̀ àwọn èèyàn yìí?”
Ẹ gbọ́, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wọ bàtà. Mọ́ínmọ́ín lápá kan, tíì nínú fúláàsì lápá kejì. Bí wọ́n bá ti ń tú ẹja sílẹ̀, wọ́n á ní, “Bá wa kí ìyá rẹ.” Wọn ò fi í sílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Wálé_Ọ̀ṣun:
Ẹ dúró ná. Wọ́n dá ẹja padà??

Ìyá Ìbejì:
Kí ni wọ́n wá ń pa á fún? Èmi ì bá ti jìjàdù rẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó yẹn.

Bọ́sẹ̀_Leeds:
Bó ṣe rí nìyẹn níbí. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta sí 15 oṣù kẹfà, ọ̀pọ̀ ẹja inú odò, ẹ ò gbọdọ̀ fi ìwọ̀ kàn wọ́n rárá, kí wọ́n lè yé.

ỌmọỌdẹ:
Àwa náà ní tiwa. Bàbá mi kì í yìnbọn sí ẹran tí ọmọ ń tẹ̀ lé.

Wálé_Ọ̀ṣun:
Irọ́ ńlá. Lóru dúdú, ta ló ń wo ọmọ?

ỌmọỌdẹ:
Wálé, ojú mi ló ṣe. Ẹtu àti ọmọ rẹ̀, iná orí bàbá mi wà lára wọn. Wọ́n yí iná kúrò, wọ́n ní ká máa lọ. Ebi sì ń pa wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbà.

Wálé_Ọ̀ṣun:
Ó dáa. Bàbá tìrẹ nìyẹn. Ọdẹ tí mo mọ̀ ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀.

Akin_Ìdànrè:
Bàbá ìyá mi ń gun òkè Ìdànrè nígbà tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àtẹ̀gùn tó ju 600! Àwa ọmọ ń mí hẹlẹ, wọ́n ti jókòó lókè tí wọ́n ń fi wá ṣẹ̀sín.

Bọ́sẹ̀_Leeds:
Àtẹ̀gùn mélòó gan-an? Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ iye tó yàtọ̀.

Akin_Ìdànrè:
Ẹ lọ kà á fúnra yín 😄 Níbi ìsinmi kejì, ẹ ó ti gbàgbé iye tí ẹ kà dé.

Ìyá Ìbejì:
ỌmọỌdẹ, ṣé àwọn ọdẹ sun ìrèmọ̀jé, ewì ìdágbére ọdẹ, fún bàbá?

ỌmọỌdẹ:
Wọ́n sun ún, àmọ́ ariwo sọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ti Ògún ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dáhùn pé ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ọ kó lọ sùn.

Wálé_Ọ̀ṣun:
Ṣọ́ọ̀ṣì jàre níbẹ̀ o.

Àlàbí_Tottenham:
Àre wo? Bàbá bá wọn wọ igbó láti kékeré, kí wọ́n má ki í nítorí pé ó kú?

Wálé_Ọ̀ṣun:
Mi ò bá ẹ jà, Àlàbí. Lọ tú ẹja sílẹ̀.

Àlàbí_Tottenham:
😂😂 O ò níí ní orí ire.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀yà gbígbẹ l'Ọ̀yọ́? Ọ̀rọ̀ yín ti ṣí ọ̀fun mi.

Akin_Ìdànrè:
Ẹ ṣọ́ra, màmá. Òkété ni wọ́n máa tà fún yín.