Wọ́n ní kí n kó ìwé iye owó mẹ́ta wá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Káyọ̀dé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Pépà, bírò, fáìlì àti tọ́nà ni mò ń tà ní Òkè-Fìà níbí ní Òṣogbo, ó ti di ọdún kẹsàn-án. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń mójú tó stọ́ọ̀ á kàn pè mí lórí fóònù pé, "Ìyá Káyọ̀dé, ẹ gbé páálì pépà ogún wá." Màá gbé e dé, wọ́n á kọ LPO, ìwé àṣẹ ìrajà, fún mi lẹ́yìn, owó á wá dé lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Ọ̀rọ̀ ti yí padà báyìí. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan tó jẹ́ oníbàárà mi ní àwọn ò lè ra nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀gá kan níbẹ̀ ní kí n mú ìwé iye owó wá láti iléeṣẹ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kí n tẹ ìwé olórúkọ iléeṣẹ́ méjì míì (letterhead) kún tèmi, kí iye tèmi kéré jù lọ. "Gbogbo wọn ló ń ṣe é." Mo ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ atẹ̀wé kan l'Ọ́láìyá. Ó ti ya igi ọ̀pẹ aláwọ̀ ewé sórí ọ̀kan, ó tilẹ̀ rẹwà ju tèmi gan-an lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, oorun ò kùn mí. Wọ́n tún ń bèèrè ìwé PenCom (àjọ owó ìfẹ̀yìntì), ITF (àjọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́) àti NSITF (àjọ tó ń ṣètò owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́). Orúkọ òwò lásán ni mo ní ní CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀, èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì ni. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Àtáọ́ja: Ẹ ṣe é jàre. Tí ẹ ò bá ṣe é, ẹlòmíì á ṣe é, ẹ ó sì máa wo oníbàárà yín lókèèrè.

Bàbá Stọ́ọ̀: Ìyá Káyọ̀dé, ẹ fa ìwé ọ̀pẹ yẹn ya. Iṣẹ́ stọ́ọ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òfin ríra nǹkan fún ìjọba ti ọdún 2007 ní kí wọ́n gba iye owó lọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta ó kéré tán, tí wọn ò bá ara wọn tan. Ẹni kan tó wọ aṣọ mẹ́ta kì í ṣe ẹni mẹ́ta. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá lu òfin yẹn, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 10 ni, wọn ò sì ní gba owó ìtanràn dípò. Ọ̀gá tó rán yín níṣẹ́ ńkọ́? Ẹ wò ó dáadáa, ẹnu ló fi sọ ọ́. Orúkọ tó máa hàn nínú ìwé, tiyín ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún yín. Ìwé mẹ́ta kan dé orí tábìlì mi nígbà kan: iléeṣẹ́ mẹ́ta, àdírẹ́sì mẹ́ta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ "statonery", lẹ́tà kan náà ni wọ́n fò. Ọ́dítọ̀ kàn to wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò bèèrè ohunkóhun.

Ọmọ Àtáọ́ja: Háà. Bàbá, mo gbà.

Bọ̀dá Ìlobù: Agbaṣẹ́ṣe lèmi. Ẹ ka ìpolówó iṣẹ́ tí ìjọba bá gbé jáde kẹ́ ẹ tó náwó, torí àwọn ibòmíì ṣì ń gba orúkọ òwò pẹ̀lú BN1, fọ́ọ̀mù orúkọ òwò ti CAC. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ni wọ́n fẹ́, láti ìgbà òfin kọ́ńpìnnì, CAMA 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀. Ìwé owó orí ọdún mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, òun ló ń pẹ́ jù. Ti NSITF, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́ ni. ITF kò kan ẹni tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ò tó márùn-ún, àfi bí òwò rẹ̀ bá tó mílíọ̀nù 50 náírà lọ́dún, síbẹ̀ wọ́n á bèèrè ìwé rẹ̀. Ọdọọdún la ń tún àwọn ìwé yìí gbà, ẹ má dúró dìgbà tí ìpolówó bá jáde. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ BPP, àjọ tó ń mójú tó ríra nǹkan fún ìjọba àpapọ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ti Abẹ́rẹ́, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, yàtọ̀ o, ìpínlẹ̀ ní òfin tirẹ̀.

Ìyá Káyọ̀dé: Owó tó ń pẹ́ ńkọ́?

Bàbá Stọ́ọ̀: Tó bá ti ju ọjọ́ 60 lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ fi ìwé owó (invoice) sílẹ̀, òfin pè é ní owó tó pẹ́, èlé sì yẹ kó gun orí rẹ̀. Bóyá wọ́n ń san èlé ọ̀hún, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ìyá Káyọ̀dé: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo fi ìwé tèmi nìkan ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, mo ní kí wọ́n fúnra wọn bèèrè lọ́wọ́ àwọn méjì tó kù. Ọ̀gá ò tíì dáhùn. Ọmọ atẹ̀wé ní mo jẹ òun ní ẹgbẹ̀rún méjì owó ọ̀pẹ, mo sì ti san án.