Èsì lórí "kòkòrò alájẹsára": ara ta ni?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àpérò. Mo ti ń ka àròyé yín lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ṣẹ̀dá, "kòkòrò alájẹsára", fún bakitéríà tí oògùn ò pa mọ́. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò ní lè pàtẹ́wọ́. Wọ́ọ̀dù ọmọdé ni mo ti ṣe nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ àwọn ìyá tí ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí bá sọ̀rọ̀.

"-sára" yìí ló ń bí mi nínú. Sí àti ara ni, gbogbo wa gbà. Ara ta ni? Nínú àjẹsára tí a mọ̀, ara ọmọ ni. Ìyá tó bí ìyá mi máa ń fún wa lágbo mu kí ọyẹ́ tó dé, ó ní kó lè jẹ sí wa lára. Nígbà tí abẹ́rẹ́ ìjọba wọlé, ó gba orúkọ yẹn, ó sì bá a mu wẹ́kú. Ẹ̀gbọ́n wá fẹ́ ká gbà pé nínú "alájẹsára", ara kòkòrò ni. Ta ni yóò sọ fún ìyá ìkókó pé ara ti yí padà? Ohun tí yóò gbọ́ ni kòkòrò tó bá abẹ́rẹ́ àjẹsára wọlé. Ẹ ò ṣáà gbàgbé Kánò ní 2003, tí wọ́n kọ abẹ́rẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí àrùn náà fi tún ràn kọjá ibodè wa.

Ẹ̀gbọ́n ní ohùn ló yà wọ́n: à-jẹ-sára lohun tí a jẹ, a-jẹ-sára lẹni tó jẹ ẹ́, bí apẹja àti akọ̀wé. Ó dáa. Bí "a-" bá ti jẹ́ olùṣe, kí ni "oní" tún ń wá níwájú rẹ̀? Ta ló ń sọ "alápẹja"? Ohùn tí ẹ sì gbára lé, "ní" ti gbé e mì: "alá" náà ni méjèèjì máa dà. Ẹ lọ fi gbohùngbohùn sọ ọ́ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, kí ọmọ máa ké lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹnì kan á gbọ́ ìyàtọ̀.

Ti ẹni tó mú "ìmọ́ra oògùn" wá láti fi rọ́pò rẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ń sọ pé "oògùn yẹn ti mọ́ ọ lára". Ara ọmọ kọ́ ló mọ́! Ìkókó tí ò tíì gbé oògùn kankan mì rí láyé lè ní Klebsiella, irú bakitéríà kan, tí ampicillin àti gentamicin ò ràn, bẹ́ẹ̀ àwọn oògùn tí a kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí nìyẹn bí àkóràn bá wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun. Ọwọ́ wa ló ti ń rí i: ọwọ́ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ dókítà, omi, àpótí tí a ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé sí, ike tí a kì bọ̀ ọ́ níṣan. Kòkòrò ló yí padà. Òmíràn ń pèsè èròjà tó ń gé oògùn já, òmíràn ń tu oògùn jáde bó ṣe ń wọlé, wọ́n sì ń ta ọgbọ́n náà látaré fún ara wọn, àní fún kòkòrò tí kì í ṣe ìran wọn. Ẹ pè é ní ìmọ́ra, ẹ ti di ẹ̀bi ru ìyá.

Ẹni tó ní ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn dókítà, ẹ gbọ́: ìwádìí tó jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 2022 ní mílíọ̀nù 1.27 èèyàn ni àìràn oògùn yìí pa tààrà ní 2019. Nínú 5 wọn, 1 jẹ́ ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ló sì ti le jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń pòwe pé oògùn tí ò jẹ́, ewé ẹ̀ ló kù kan, ewé náà ló ń tán. Wọn ò tíì gbádùn methicillin, oògùn tó ń pa bakitéríà, tí àwọn ará Bìrìtìkó fi kéde ní 1961 pé àwọn kòkòrò kan ti borí rẹ̀. Fleming, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó rí oògùn penicillin, sì ti kìlọ̀ ní 1945 pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀.

"Kògbóògùn" ì bá dùn mọ́ mi, àmọ́ rédíò ti fi í fún Éèdì. Ó mà ga o: Éèdì tó ti ń gbọ́ oògùn, tí àwọn tó ní in ń lo oògùn tí wọ́n sì ń dàgbà, òun là ń pè ní kògbóògùn. Èyí tí kò wá gbọ́ gan-an ò rórúkọ jẹ́.

Ní wọ́ọ̀dù, "oògùn ò ràn án" la máa ń wí. Kòkòrò tóògùn ò ràn. Ẹnì kan ní ó ti gùn jù, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ẹlòmíràn ní "ràn" ti jẹ́ ti àrùn tó ń ràn. Òótọ́ ni. Òun náà ń ràn, oògùn ni ò ràn án.

Mo gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n tó ní nọ́ọ̀sì kì í ṣe onímọ̀ èdè. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ èdè tó ń kọ "òógùn ò ràn án" láti ìjẹta tún tiẹ̀ kọ ná. Òógùn lèyí tó ń ṣàn lára wa bí wọ́n bá múná lọ.