Èló ni kí n san fún ẹni tó máa fọ ilé lọ́jọ́ tí a bá ń kó jáde?

Ìyá Ìbejì kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dà mí láàmú láti ìjẹta, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀.

A ń kó kúrò nínú ilé tí a ti gbé fún ọdún 7. Yàrá 2 ni, pálọ̀ 1, ilé ìdáná, balùwẹ̀ tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti bákónì kékeré kan. Fèrèsé rẹ̀ jẹ́ 8. Owó ìdógò wa ṣì wà lọ́wọ́ onílé, ó sì ti sọ ọ́ fún wa pé àfi bí òun bá bá ilé náà ní mímọ́ bí òun ṣe fà á lé wa lọ́wọ́ kí òun tó dá a padà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tún ilé mi ṣe látẹ̀yìnwá, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti bí àwọn ìbejì ni ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Mi ò lè kúnlẹ̀ fọ abẹ́ sítóòfù mọ́. Ọkọ mi ló sì máa tẹ̀ lé ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹni 2 ni mo ti bá sọ̀rọ̀. Orí fóònù ni ti ẹni àkọ́kọ́: ó sọ iye tó ń gbà fún wákàtí 1, ó ní òun nìkan máa parí rẹ̀ láàárín wákàtí 5. Ẹni kejì ní òun ò lè dá iye lé iṣẹ́ tí òun ò tíì rí. Ó wá lóòótọ́. Ó ṣí ààrò abẹ́ sítóòfù wò, ó fi ìka nu etí fèrèsé, ó bi mí bóyá iná àti omi ṣì máa wà lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló wá pe iye kan lórí gbogbo rẹ̀, ó ní òun àti ẹnì kan ló máa wá, àwọn sì máa gbé ọṣẹ àti irinṣẹ́ dání. Nígbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀, iye tó pè yẹn tó owó wákàtí 14 lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́.

Wákàtí 5 àti wákàtí 14! Aládùúgbò mi ní ẹni kejì fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni. Ó ní kí n san iye tí òun ń san fún ọmọbìnrin tó ń wá gbálẹ̀ fún òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n kàn fi díẹ̀ lé e. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ mi jẹ. Mi ò sì fẹ́ jẹ òógùn ọmọ ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ń ṣírò rẹ̀?


Alámòójútó Ilé fèsì:

Ẹ kú làálàá ẹrù kíkó, ìyá wa. Èmi ni mo máa ń bá àwọn onílé yẹ ilé wò nígbà tí ayálégbé bá ń lọ, nítorí náà ibi tí ojú wa máa ń lọ ni mo lè sọ fún yín. Kì í ṣe àárín pálọ̀. Inú ààrò ni, ẹ̀yìn ibi tí fíríìjì ti dúró, orí kọ́bọ́ọ̀dù, ìdí àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ojú irin fèrèsé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mélòó nínú ìwọ̀nyí ni ọmọbìnrin tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń fọwọ́ kàn? Ẹrù ló bò wọ́n mọ́lẹ̀ látọdún yìí wá. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi kún un: ọ̀dà tí oòrùn ti mú ṣá, àti ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ títí tó fi ń dán, ìlò ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Kò sí ẹni tó lè fi ọṣẹ fọ ìyẹn kúrò, ẹ má sì dá ẹni tó fọ ilé lẹ́bi fún un. Bí ẹ bá ní fọ́tò tí ẹ yà lọ́jọ́ tí ẹ kó wọlé, ẹ wá a jáde báyìí.


Ọlọ́wọ́ Mímọ́ fèsì:

Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún 11 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa tí à ń ṣe é ṣe ń ṣírò rẹ̀.

Iye yàrá kọ́ la máa ń kà. Wákàtí ẹnì kan la máa ń kà: bó bá jẹ́ pé ẹyọ ẹnì kan ló máa ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wákàtí mélòó ló máa gbà á? Mo fi ilé tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn wé àwọn tí mo ti fọ̀. Yàrá tó ti ṣófo kì í yọ wá lẹ́nu, wákàtí kọ̀ọ̀kan, 2 nìyẹn. Pálọ̀, 1 àti ààbọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú bákónì, 1. Fèrèsé 8, gíláàsì àti irin rẹ̀ láti inú, ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 2 nìyẹn náà. Mo fún balùwẹ̀ ní 2, torí nǹkan funfun líle tí omi máa ń fi sílẹ̀ sára táìlì àti ẹnu ẹ̀rọ omi. Ọṣẹ kì í ràn án. Ohun kíkan bíi fínígà ló ń yọ́ ọ, ó sì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí a tó ha á. Ilé ìdáná ló ń jẹ àkókò jù lọ, 3 àti ààbọ̀, ààrò nìkan sì lè gba 1 nínú rẹ̀. Ọ̀rá tí iná ti sun mọ́ irin láti ọdún 7, sódà líle ló wà nínú ohun tí a fi ń yọ ọ́. Ó ń bó awọ ara, ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ ìbọ̀wọ́, kò sì ṣeé fi agbára ṣe: à á fi í sílẹ̀ kó mú ọ̀rá náà rọ̀.

Ẹ ro ó pọ̀, wákàtí 12 ni. Ẹni 2, wákàtí 6.

Ẹni tó wá sọ lórí fóònù pé òun nìkan máa fi wákàtí 5 parí rẹ̀, ilé wo ló rò pé òun ń lọ? Yálà kó fi ohun tó ju ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀ lọ, tàbí kí wákàtí 5 di 10 lójú yín. Tó bá sì di 10, kò sí bí ẹ ṣe máa ní kó dúró níbẹ̀, nígbà tí omi ọṣẹ ṣì wà nílẹ̀ tí onílé sì ń bọ̀.

Ó ku owó wákàtí. Ẹ má fi owó ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wọn iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Oníbàárà ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń pè mí ní nǹkan bí ìgbà 50 lọ́dún, ìdọ̀tí ọjọ́ 7 ni mo ń bá nílé rẹ̀, ọṣẹ rẹ̀ àti garawa rẹ̀ ni mo sì ń lò. Ìdọ̀tí ọdún 7 ni tiyín, lẹ́yìn náà a ò ní rí ara wa mọ́. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá pẹ́, ọjọ́ mi ti lọ, mi ò lè sáré gba iṣẹ́ mìíràn. Èmi máa ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé owó wákàtí mi. Ẹ jẹ́ ká fi owó wákàtí ẹni àkọ́kọ́ ṣe 10. Tèmi máa jẹ́ 13. Wákàtí 12 lọ́nà 13 jẹ́ 156, ká tó fi owó ọkọ̀ àti ọṣẹ lé e. Iye tí ẹni kejì pè yín jẹ́ 140, ọṣẹ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, kò rẹ́ yín jẹ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó sì tún ṣàánú yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn mí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí wọ́n bá ná wa wálẹ̀ títí, tí a wá ń sáré kí a lè lọ wá owó níbòmíràn, ibẹ̀ ni ewu ti ń wọlé. Bílíìṣì pẹ̀lú fínígà, tàbí pẹ̀lú ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ń tú gáàsì klorínì jáde. Bílíìṣì pẹ̀lú amóníà, tó máa ń wà nínú àwọn ohun ìfọgíláàsì kan, náà ń tú gáàsì mìíràn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ da méjì pọ̀ nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé, nítorí agẹ́ǹtì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo aago. Ńṣe la gbé e síta. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò lè mí délẹ̀. Iye tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ná wa lọ́jọ́ náà kò tó owó oògùn tó rà.

Ohun tí ẹ lè fi ràn wọ́n lọ́wọ́, tó sì máa jẹ́ kí owó yín níye lórí: ẹ pa fíríìjì lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, kí yìnyín inú rẹ̀ ti yọ́ kí wọ́n tó dé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n já iná àti omi ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù lọ tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí ilẹ̀ la máa ń fọ kẹ́yìn, láti yàrá tó wà nínú lọ́hùn-ún bọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, bàtà alágbàrù kan ṣoṣo sì lè sọ iṣẹ́ wákàtí kan di asán. Kí ẹ tún fẹnu kò lórí iye tí ìdúró máa jẹ́ bí ọkọ̀ bá pẹ́.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, kó fèsì pé òun gbà. Nínú ẹgbẹ́ wa ni mo ti gbọ́ nípa Àdéhùn 189 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, ṣe ní 2011 lórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé. Òṣìṣẹ́ tó ní ọ̀gá ló ń bá wí, àmọ́ mo ti mú ohun kan nínú rẹ̀ lò fún ara mi: kí òṣìṣẹ́ mọ iṣẹ́ tó máa ṣe, iye tí wọ́n máa san àti bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, kó sì wà ní kíkọ bó bá ṣeé ṣe.


Ayálégbé Tẹ́lẹ̀ fèsì:

Ẹ ṣé, Ọlọ́wọ́ Mímọ́. Èmi gba ti ẹni tó pe iye lórí fóònù nígbà tí mo kó jáde. Mo san gbogbo owó kó tó wọlé. Kò fọwọ́ kan ààrò rárá, kò sì gbé fóònù mi mọ́. Mo padà wá fọ̀ ọ́ fúnra mi lálẹ́, ilé ti ṣófo, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ríran.

Ibi kan péré ni mo fẹ́ yà sí. Bí owó ò bá tó, kò pọn dandan kí Ìyá Ìbejì gbé gbogbo ilé fún wọn. Yàrá tó ti ṣófo, ìgbálẹ̀ àti àkísà tútù ló fẹ́, ọkọ yín lè ṣe é lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti fèrèsé ni kí ẹ sanwó lé lórí.


Ọlọ́wọ́ Mímọ́ fèsì:

Òótọ́ lẹ sọ, mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sáà sọ fún ẹni náà ṣáájú, kó lè yọ ọ́ nínú iye tó pè. Èyí tí kò dára ni kí ènìyàn gbálẹ̀ yàrá méjì tán, kó wá máa yọ owó lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí.

Lórí sísan: owó ọkọ̀ àti ti ọṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn. Tí wọ́n bá parí, kí ẹ jọ rìn yí ilé ká, kí ẹ máa ya fọ́tò bí ẹ ṣe ń lọ. Ibi tí wọ́n bá gbàgbé, ẹ fi hàn wọ́n kí wọ́n tún un ṣe. Kí ẹ wá san ìyókù lójú ẹsẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kó di ọ̀la.


Ìyá Ìbejì kọ:

Mo ní kí n padà wá jábọ̀, torí ẹ ṣe mí lóore.

Ẹni kejì ni mo gbà. Mo pè é, mo ṣàlàyé pé a máa gbá yàrá méjèèjì fúnra wa, òun fúnra rẹ̀ ló sì yọ ọ́ láti owó wákàtí 14 wá sí ti 12. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́, ó fèsì. Mo pa fíríìjì lọ́jọ́ Ẹtì bí ẹ ṣe wí. Omi tó dà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kò kéré, ìbá ti jẹ wọ́n ní wákàtí kan.

Ọkọ̀ akẹ́rù pẹ́ ní wákàtí 1. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú garawa wọn, wọn ò ráhùn. Ẹni 2 fún wákàtí 1, owó wákàtí 2 nìyẹn, mo san án, ó sì padà di 14. Aládùúgbò mi ní kò yẹ kí n san owó ìjókòó. Mo bi í pé bó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ ńkọ́?

Nígbà tí a jọ rìn yí ilé ká, orí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná nìkan ni wọ́n fò. Èyí àbúrò nínú wọn gun àga, ó nù ún kí n tó ka owó tán. Inú ààrò yẹn, mi ò mọ̀ pé funfun ni irin rẹ̀. Láti ọdún 7!

Ọjọ́ Ajé ni onílé wá. Ó kọ́kọ́ fẹ́ yọ owó nítorí ọ̀dà tó ti ṣá lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀. Mo fi fọ́tò ọjọ́ tí a kó wọlé hàn án: ó ti ń ṣá láti ìgbà náà. Ó wò ó, ó wo ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì san owó ìdógò wa pé. Mo ti fún un ní nọ́ńbà àwọn tó fọ ilé náà, ó béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀.