Ojú Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń wo èdè Jámánì

Lórí ìbéèrè pé àṣìṣe wo ló dá wa dúró jù lọ nínú kíkọ́ èdè Jámánì, mo ti ka ìrírí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ṣáájú mi sọ̀rọ̀, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ wa ló di ẹ̀bi ru der, die àti das, àwọn ọ̀rọ̀ kékeré tí ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ láti fi hàn bóyá akọ, abo tàbí kò-ṣakọ-kò-ṣabo ni. Lóòótọ́, ojú akẹ́kọ̀ọ́ lè rí màbo lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yẹn, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló dá mi dúró sójú kan fún odidi ọdún kan. Àṣìṣe tèmi ni pé ohunkóhun tí mo bá fẹ́ sọ lédè Jámánì, mo máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkàn mi, lẹ́yìn náà ni n óò wá máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òjé ní ìlú Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, nọ́ọ̀sì ni mí, ilé tí a ti ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́ ni mo sì ti dàgbà, síbẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn rí pé Yorùbá lè wúlò fún mi nínú kíláàsì Jámánì.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, tí ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an ní Bódìjà níbi tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ wa bi wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé báwo ni ara. Nígbà tí ó kàn mí, mo ní, "Ich bin kalt." Mo rò pé mo ti sọ pé òtútù ń mú mi. Olùkọ́ wa, ìyá àgbàlagbà kan tí ó ti gbé ìlú Köln ní ilẹ̀ Jámánì fún ọ̀pọ̀ ọdún, bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ohun tí o sọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ pé o pe ara rẹ ní ọlọ́kàn líle. Báwo lo ṣe máa ń sọ ọ́ fún màmá rẹ nílé?" Mo dáhùn pé, "Òtútù ń mú mi, mà." Ó kọ ọ́ sára pátákó, ó sì kọ "Mir ist kalt" sí abẹ́ rẹ̀. Ó fa ìlà sí abẹ́ "mi" ti Yorùbá, ó tún fa ìlà sí abẹ́ "mir" ti Jámánì, ó wá ní, "Ìwọ kọ́ lò ń ṣe òtútù, òtútù ló ń ṣe ọ́."

Ìlà méjì yẹn ló là mí lójú. Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú rẹ̀, wọ́n sì pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. "Orí ń fọ́ mi" ni "Der Kopf tut mir weh": orí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èmi ni iṣẹ́ náà ń dé bá. "Aṣọ yìí wù mí" ni "Das Kleid gefällt mir": aṣọ ló ṣáájú, èmi ni mo gbẹ̀yìn. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fẹ́ kí "èmi" jókòó sí iwájú gbólóhùn lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ló sì ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ooru ń mú sọ pé "Ich bin heiß", ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ níwájú àgbà, dípò "Mir ist heiß". Fún ẹni tí yóò máa dúró ti aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Kì í ṣe pé èdè méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà o. "Mi" kan ṣoṣo tí àwa ní, Jámánì pín in sí "mich" àti "mir", èèyàn sì gbọ́dọ̀ kọ́ pé "für" (fún) ló ń bá "mich" rìn, tí "mit" (pẹ̀lú) sì ń bá "mir" rìn.

Òǹkà ni ibi kejì tí Yorùbá ti ràn mí lọ́wọ́. Nínú ìdánrawò títẹ́tísílẹ̀, wọ́n pe "fünfundvierzig", mo gbọ́ "fünf", mo yára kọ 5, mo gbọ́ "vierzig", mo kọ 4 tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni 45 ṣe di 54 lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n oògùn ni wọ́n ń pè fún mi! Bẹ́ẹ̀, mọ́kànlélógún tí mo ti ń pè láti kékeré, ọ̀kan ló kọ́kọ́ jáde kí ogún tó tẹ̀ lé e, bí "einundzwanzig" ṣe rí náà nìyẹn. Títí dé mẹ́rìnlélógún, ọ̀nà kan náà ni a jọ ń tọ̀, kí Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kúrò nínú ọgbọ̀n. Láti ìgbà náà, bí mo bá wọ ọjà Bódìjà, iye owó tí àwọn ìyá ọlọ́jà bá pè ni mo máa ń tún pè lédè Jámánì nínú ọkàn mi kí n tó san án.

Ti aago burú ju ti òǹkà lọ. Wọ́n fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò orí kọ̀ǹpútà sí "halb drei" fún àbúrò kan nínú kíláàsì wa, ó sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́ta ààbọ̀, nígbà tí àwọn tí ń dúró dè é ti lọ. Oṣù Kìíní ni, aago tiwọn àti tiwa sì máa ń dọ́gba ní àkókò òtútù wọn, nítorí náà ìyàtọ̀ aago kọ́ ló fà á. Aago méjì ààbọ̀ ni "halb drei": ààbọ̀ wákàtí tí ń lọ sí aago mẹ́ta ni wọ́n ń kà. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni òǹkà wa ṣe máa ń wo iwájú, nítorí pé ọgọ́ta tí ó dín mẹ́wàá ni àádọ́ta, ọgọ́rin tí ó dín mẹ́wàá sì ni àádọ́rin. Ó dùn mí fún àbúrò náà, nítorí pé ó múra sílẹ̀ dáadáa.

Ní ti "du" (ìwọ) àti "Sie" (ẹ̀yin ti ọ̀wọ̀), ẹ̀kọ́ ilé ti kọ́ wa tán. "Sie" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fúnni bá "sie" tí í ṣe "wọ́n" dọ́gba létí, bí àwa náà ṣe ń sọ pé Bàbá ti dé, wọ́n ń jẹun. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni pé kì í ṣe ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò lọ́hùn-ún bí kò ṣe ìfaramọ́ra: ọmọ ogún ọdún tí ń gba owó ní ilé ìtajà, "Sie" ni ẹ óò pè é.

Ọ̀rọ̀ tí ó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì náà ń tanni jẹ. Májèlé ni "Gift", kì í ṣe ẹ̀bùn, "bekommen" sì ni kí nǹkan tẹ èèyàn lọ́wọ́, kì í ṣe kí èèyàn di nǹkan.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí Yorùbá ti dákẹ́. Kò sí ohun tí ó lè sọ fún mi nípa ìdí tí ṣíbí fi jẹ́ der Löffel, tí fọ́ọ̀kì jẹ́ die Gabel, tí ọ̀bẹ sì jẹ́ das Messer. Mo kàn ń há a sórí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó máa ń lọ sí ìparí lẹ́yìn "weil" (nítorí pé), bíi "weil ich heute arbeite", nítorí pé mo ń ṣiṣẹ́ lónìí. Àtúnsọ nìkan ló ràn mí lọ́wọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò B1, ìpele àárín nínú èdè Jámánì, 52 nínú 100 ni mo gbà ní abala ọ̀rọ̀ sísọ, 60 ló sì yẹ kí n ní. Mo mọ ọ̀rọ̀. Àkókò ló ń tán mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́kọ́ gbà kọjá, bí ẹni tí ó ń ti Mọ́kọ́lá lọ sí Ṣángo n'Íbàdàn tí ó wá lọ gba Challenge, tí kò sí lójú ọ̀nà rárá, yọ. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gba 81. B2, ìpele tí ó tẹ̀ lé e, tí wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń múra sílẹ̀ fún báyìí. Òpó méjì péré ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, Yorùbá lápá òsì, Jámánì lápá ọ̀tún. Ní alẹ́ àná, mo kọ "Ó dùn mí" sí òsì, mo kọ "Es tut mir leid" sí ọ̀tún, mo sì fa ìlà méjèèjì sí abẹ́ wọn.