Ife wo lẹ fi ń wọn fúláwà? Ẹ sọ tiyín

Àbẹ̀kẹ́ Ẹnuwá: Ẹ kú ilé o. Ẹni tó bá ti fi ife ilé wọn nǹkan ìpanu rí, kó wá sọ ohun tójú ẹ̀ rí. Chin-chin ni tèmi. Fúláwà ife 4, ṣúgà ìdajì ife, bọ́tà ìdajì ife. Ife onírin ni mo fi wọn fúláwà. Ó wá kan bọ́tà, ife ràgàjì tí bàbá ilé fi ń mu ògì ló wà nítòsí. Bí mo ṣe dà á sínú òróró, gbogbo ẹ̀ tú ká bí èèrà. Asẹ́ ni mo fi ń wá a kiri.

Òṣómàáló Kan: Ṣé bàbá ilé jẹ ẹ́?

Àbẹ̀kẹ́ Ẹnuwá: Wọ́n bù ú sí gààrí. Wọ́n ní ó dùn ju ẹ̀pà lọ.

Màmá Lágere: Ife ò ṣẹ̀ yín o, ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ ẹ̀. Bó kéré bó tóbi, ọ̀kan náà ni kẹ́ ẹ fi wọn gbogbo ẹ̀. Agolo mílíìkì ni mo fi ń ṣe puff-puff tèmi: fúláwà 6, ṣúgà 1, yíìsì ṣíbí tíì 2, omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Tómi bá gbóná jù, yíìsì kú nìyẹn, kò ní wú.

Ọmọ Ìjọ́ka: Agolo àtijọ́ àbí tìsinsìnyí tí wọ́n ti gé kù?

Màmá Lágere: Àtijọ́ ni. Ìyá mi ló fi sílẹ̀ fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kéèkì inú ife ni mo ṣe ní ọgbà, èyí tí wọ́n ń fi maikirowéfù ṣe láàárín ìṣẹ́jú méjì. N ò tíì ka ogójì tí wọ́n fi múná lọ. Mo gbé ife tánganran yẹn sínú ìkòkò olómi, mo dé e, mo sè é lórí sítóòfù. Ó wú!

Ọmọ Ìjọ́ka: Mọ́ínmọ́ín oníṣúgà lo sè.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ọ̀rá se mọ́ínmọ́ín ńkọ́?

Ọmọ Ìjọ́ka: Ọ̀rá kẹ̀? Ní Iléṣà? Ewé eéran la fi ń pọ́n ọn.

Màmá Lágere: Irọ́. Mo jẹ ti agolo ní ọjà Àtàkúńmọ̀sà, ní Iléṣà yẹn náà.

Ọmọ Ìjọ́ka: Ará Ifẹ̀ ló tà á fún yín.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹnuwá: Ẹ jọ̀ọ́, òróró tí chin-chin yọ́ sí yẹn, ṣé mo lè fi dín ẹyin?

Òṣómàáló Kan: Gbé e wá síbí, màá rà á láwìn.

Màmá Lágere: Òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà tó ń tajà láwìn, ló wá ń rajà láwìn? Ayé ti dojú dé.